Ìwé Tí Mo Tẹ̀ Tí Wọ́n Fi Wé Ẹ̀pà

Ní ọdún kan tí iná mànàmáná kúrò ní ìlú Òǹdó fún odindi oṣù mẹ́ta, mo yí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi débi pé gílóòbù tó wà nínú ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tàn yòò. Ẹ̀rọ náà kò ní wáyà kankan lára. Gílóòbù ọ̀hún kò sí nínú yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Apá ọ̀tún mi yìí nìkan ló ṣe é. Àkùkọ tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná rò pé ilẹ̀ tún ti mọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó sì kọ. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó lọ bi àkùkọ náà léèrè.

Ọ̀gá ilé-ìwé girama kan ní Ìpógun ló ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ ayé mi fún ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ronú ohun tí ẹ fẹ́ dà. Ó ní dókítà ti kọ tirẹ̀, lọ́yà ti kọ tirẹ̀, ó ku ẹni tó ń yí ọwọ́ ẹ̀rọ. Mo sọ fún un pé ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí n tó sá fún pátákó. Ó ní kí n ṣáà kọ ọ́. Ìtàn kan wà tó fẹ́ kí n fi sí i ju gbogbo ìyókù lọ, mo sì mọ èyí tí í ṣe. N ó dé ibẹ̀.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ kò gùn. Bàbá mi mú mi lọ sóko kòkó títí ó fi rí i pé kòkó ń sàn jù nígbà tí n kò bá sí níbẹ̀. Ó mú mi lọ bá àlùfáà ìjọ wa, àlùfáà mú mi lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin kan ní Òǹdó. Wọ́n ní owó oṣù mi yóò kéré. Ó sì kéré lóòótọ́. Ẹ jẹ́ ká fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀gá ilé-ìwé náà ni Ìyáàfin Akíntùbọ̀, tí gbogbo ayé ń pè ní Mọ̀dáámù. Ó kúrú, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í gbé ohùn sókè, ṣùgbọ́n tó bá yọ ní ìdí ilé, ewúrẹ́ tó ń jẹ òdòdó nínú ọgbà á dá ẹnu dúró. Ó ti kàwé dé òkè òkun, ó sì padà wálé wá kọ́ àwọn ọmọ tí bàbá wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ẹ ó rí ọkọ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà Ìjàrè tàbí Ìpógun, ó ń lọ bẹ àgbẹ̀ kan pé kó fi ọmọbìnrin rẹ̀ sílẹ̀ fún òun.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìka tẹ fóònù, ẹ kò lè mọ ẹ̀rọ tí mo fi jẹun. Wọ́n á kọ́kọ́ fi taipuráítà tẹ ọ̀rọ̀ sára bébà pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi àbẹ́là pa, sítẹ́ńsù là ń pè é. Lẹ́tà á dá ihò sí i lára. A ó dè é mọ́ àgbá kékeré kan tí yíǹkì wà nínú rẹ̀, a ó máa fi ọwọ́ yí i, ìwé funfun á máa gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, á máa gba ẹ̀gbẹ́ kejì jáde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ lára. Bíi mẹ́wàá àkọ́kọ́ kì í dára. Òmíràn á dúdú bí ìdí ìkòkò, òmíràn á ṣì, ojú kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Àwọn tó bàjẹ́ yẹn, ìdàrọ́ ni mò ń pè wọ́n, bí ìdàrọ́ irin lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Ẹ rántí ìdàrọ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Mọ̀dáámù gbé ìwé kan fún mi, ó ní kí n kà á. Mo ní iṣẹ́ tèmi ni kí n tẹ̀ ẹ́, mà, kì í ṣe kí n kà á.

Ó ní, “Ìwé tí o kò bá lè kà, o kò ní tẹ̀ ẹ́ nínú ilé-ìwé mi.”

Báyìí ló ṣe di pé láràárọ̀ mo ń dúró níwájú tábìlì rẹ̀, mò ń kàwé bí ọmọ aláákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nígbà tí irùngbọ̀n ti hù sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́. Tí mo bá fo ọ̀rọ̀ kan, á fi pẹ́ńsù kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan, n ó sì padà sí òkè. Kò nà mí rí. Ì bá kúkú nà mí. Ẹni tó bá nà ọ́ ti parí ọ̀rọ̀, ẹni tó ń kan tábìlì ṣì ń retí rẹ.

Mo wá ọgbọ́n dá. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì kẹta, Ìbídùn ni orúkọ rẹ̀, ọmọ àgbẹ̀ olóbì kan ní Ìjàrè. Ìṣirò ni oúnjẹ ọmọ náà. Ìwé kíkọ rẹ̀ kì í pẹ́ tán, ẹ̀yìn bébà yòówù tó bá rí ló fi ń ṣírò. N ó fún un ní bébà, òun á ka ìwé ọjọ́ kejì sí mi létí, n ó há a sórí. Lọ́jọ́ kan, Mọ̀dáámù dorí ìwé kodò kó tó fi lé mi lọ́wọ́. Mo kà á geere láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “O ní orí, Akínwándé. Wá kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè.” Ọjọ́ yẹn ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé ní tòótọ́, Ìbídùn ló sì kọ́ mi, pẹ̀lú sùúrù, ó ń pè mí ní Bọ̀dá Wándé, ó ń fi ẹnu pẹ́ńsù tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ní ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé, obìnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan ń ta ẹ̀pà yíyan. Ìyá Ràfátù. Òun ló ń ra ìdàrọ́ lọ́wọ́ mi, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan fún òkìtì ìwé kan, á ká ìwé náà bí ìwo, á fi wé ẹ̀pà fún àwọn ọmọ. Ó máa ń sọ pé, “Akọ̀wé, ìwé tìrẹ yìí ni wọ́n ń jẹ tán kí wọ́n tó jẹ ẹ̀pà mi.” Mọ̀dáámù mọ̀, kò sì bínú sí i, torí ìwé lásán ni, ìkéde àti ètò ìsìn. Ṣùgbọ́n ìdàrọ́ ìdánwò yàtọ̀. Òfin ni pé kí n sun ún níná lẹ́yìn ilé ìdáná kó tó di pé mo lọ sílé.

Ó di sáà ìdánwò. Ọ̀sán ọjọ́ tí mo tẹ ìdánwò ìṣirò kíláàsì kẹta tán, òjò dé, òjò tó fi ibi tí mo ti ń sun ìwé ṣe adágún. Mo kó ìdàrọ́ náà sábẹ́ tábìlì, lórí àwọn ti tẹ́lẹ̀, mo ní ó di ọ̀la. Mọ̀dáámù bi mí bóyá mo ti sun wọ́n. Mo ní mo ti sun wọ́n, mà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mò ń jẹ ẹ̀kọ lọ́wọ́ nígbà tí Ìyá Ràfátù yọjú sí ojú fèrèsé. Ó ní òun ń lọ sílé Iléyá lọ́la, ṣé ìwé wà? Mo ní kó wọlé, kó kó ohun tó wà lábẹ́ tábìlì bó ṣe máa ń kó o. N kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lórí ẹ̀kọ mi.

Ní ọjọ́ mẹ́ta sí ìdánwò, olùkọ́ tó ń bójú tó ilé àwọn ọmọ yẹ àpótí wọn wò. Nínú àpótí Ìbídùn ló ti rí ìwé ìdánwò ìṣirò, ó ṣì díẹ̀ ṣùgbọ́n ó ṣeé kà, gbogbo ìṣirò rẹ̀ ló sì ti wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, kò ṣi ọ̀kan. Ọmọ náà ní ara ẹ̀pà ni òun ti rí i, òun rò pé ìdánwò ọdún àtijọ́ ni. Ta ni yóò gbà á gbọ́? Alẹ́pà ti lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ọmọ yòókù ti jẹ ẹ̀pà tiwọn, wọ́n ti da ìwé nù láìwò ó. Ìbídùn nìkan ló tọ́jú tirẹ̀, nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́.

Òfin ilé-ìwé sọ pé ẹni tó bá jí ìdánwò yóò lọ sílé, àlọ rámirámi. Mọ̀dáámù ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ òfin náà. Wọ́n tẹ ìdánwò mìíràn, wọ́n sì ránṣẹ́ sí bàbá Ìbídùn. Ọkùnrin náà kò bínú, kò pariwo. Ó gbé àpótí ọmọ lé èjìká, ó ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan wà ní Ìpógun tó ti ń tọrọ ọmọ náà, kí iṣu tuntun tó jáde, àwọn yóò ti gbé e fún un. Ó ní, “Ulé ọkọ ló kàn.”

Nígbà tí mo gbọ́ èyí, ara mi kò gbà á mọ́. Àwọn olùkọ́ ń ṣèpàdé lọ́wọ́. Mo ti ilẹ̀kùn, mo wọlé pẹ̀lú yíǹkì lọ́wọ́ mi títí dé ìgúnpá. Mo dúró sí àárín wọn, mo ní, “Ẹ má wá olè kiri mọ́. Èmi ni mo fi ìwé ìdánwò fún alẹ́pà. Ẹ lé mi, kí ẹ sì lọ mú ọmọ náà wá.” Olùkọ́ kan fi ọwọ́ borí. Òmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Àní atẹ́gùn tó ń fẹ́ lóde dúró. Mọ̀dáámù dìde lórí àga rẹ̀, ó ní kí n lọ fọ ọwọ́ mi, Ìjàrè là ń lọ.

A bá bàbá Ìbídùn níwájú ilé rẹ̀, ó ń bó obì. Ó fún Mọ̀dáámù ní àga, ó fi èmi sílẹ̀ lórí ìdúró. Mọ̀dáámù kúnlẹ̀. Obìnrin tí kòmíṣọ́nnà ń dìde fún, ó kúnlẹ̀ sínú èèpo obì, ó ní ọmọ náà kò jí nǹkan kan, àwọn làwọn ṣì í mú, kí bàbá jọ̀wọ́ dá a padà. Bàbá ní kó dìde, òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ń dun òun.

Ó ní, “Ẹni tó ṣe é yìí, ṣé ẹ mú un ni, àbí òun ló jẹ́wọ́? Torí tó bá jẹ́ pé àgbàlagbà wà níbẹ̀ tó ń wo ọmọ mi tó ń jìyà, tó panu mọ́, ọmọ mi kò ní padà síbẹ̀. Ó sàn kó lọ ulé ọkọ.”

Mo ní, “Bàbá, èmi ni. Èmi ni mo dìde fúnra mi láàárín gbogbo olùkọ́.”

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Mọ̀dáámù náà wò mí. Bàbá da obì ọwọ́ rẹ̀ sínú igbá, ó pe ọmọ. Ìbídùn jáde pẹ̀lú àpótí lórí, ó ti dì í kí a tó dé, ó sì kúnlẹ̀ kí mi kó tó kí ẹnikẹ́ni. Mọ̀dáámù kọjú sí ọ̀nà títí a fi dé Òǹdó.

Láti ìrìn àjò yẹn ni ìṣèlú ti wọ ọ̀rọ̀ Mọ̀dáámù. Ó máa ń sọ pé òun ti kúnlẹ̀ gba ọmọ kan, eékún mélòó ni òun ní tí òun yóò fi gba ìyókù? Òfin ni kó máa gbà wọ́n. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó kó lọ sí Àkúrẹ́, ó wọ ẹgbẹ́ òṣèlú, mo sì gbé ẹ̀rọ mi tẹ̀ lé e. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ gbà á tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, wọ́n ní òun ni yóò máa ṣe olórí àwọn ìyá, tí yóò máa rí sí oúnjẹ ìpàdé. Ó dúpẹ́. Ó ní oúnjẹ ìpàdé dára, òun náà yóò bá wọn jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni òun wá gbà.

Ìdìbò àkọ́kọ́, wọ́n fẹ̀yìn wa gbolẹ̀. Mo tẹ ìwé ìpolongo títí èjìká mi fi wú, àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ sì dà á sínú gọ́tà nítorí pé ẹnì kankan kò fún wọn ní nǹkan. Nígbà tí ìkejì dé, Mọ̀dáámù wọ yàrá ẹ̀rọ, ó jókòó sórí páálí.

Ó ní, “Akínwándé, ìwé rẹ kan wà nígbà kan tó dé ọwọ́ gbogbo ọmọ inú ọgbà láàárín ọjọ́ kan. Báwo ló ṣe dé ibẹ̀?”

Ojú tì mí. Mo ní, “Ẹ̀pà ni, mà.”

“Ó dáa. Gbé e fún ẹ̀pà.”

Ìyá Ràfátù ti ní ìsọ̀ nígbà yẹn nínú ọjà ńlá Àkúrẹ́, láàárín àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó bi Mọ̀dáámù pé kí ni àwọn àlejò ìlú yóò rí nínú ìbò ọmọ Òǹdó. Mọ̀dáámù ní ọmọ obìnrin Ìyá Ràfátù náà yóò kàwé ní Àkúrẹ́ láìsí pé wọ́n bi í léèrè ìlú bàbá rẹ̀. Ìyá Ràfátù ní ó tán, kí n gbé ìwé wá. Gbogbo alẹ́pà, gbogbo elégúgúrú, ìwé Mọ̀dáámù ni wọ́n fi ń wé ọjà. Awakọ̀ ń jẹ ẹ̀pà ní gáréèjì, ó ń kà á. Akọ̀wé ìjọba ń jẹ ẹ̀pà lábẹ́ tábìlì, ó ń kà á. Ọmọ gbé e délé, ìyá ní kó kà á sí òun létí. Àwọn alátakò wá ra gbogbo ẹ̀pà ìlú tán kí ẹnikẹ́ni má baà rí i kà, wọ́n jẹ ẹ́ títí wọn kò fi lè dìde lọ dìbò. Bí a ṣe wọlé nìyẹn.

Ní ilé ìgbìmọ̀, ọ̀rọ̀ opó ni Mọ̀dáámù kọ́kọ́ gbé dìde, pé kí ẹbí ọkọ má lé obìnrin jáde nínú ilé tó bá ọkọ rẹ̀ kọ́, kí wọ́n má sì yọ ọmọbìnrin rẹ̀ nílé-ìwé. Ó ní kí n tẹ ọ̀rọ̀ náà ní Yorùbá, kí àwọn ìyá ní oko mọ ohun tí à ń sọ nípa wọn. Ọ̀gbẹ́ni aṣòfin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé dé bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó bi í bóyá ilé-ìwé ló pe ibẹ̀.

Mọ̀dáámù ní, “Tó bá jẹ́ ilé-ìwé ni, ẹ kì bá ti wọlé lẹ́yìn agogo.”

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n da ọ̀rọ̀ náà nù. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n gba ààbọ̀ rẹ̀. Mo rò pé yóò sunkún. Ó ní ààbọ̀ iṣu ni wọ́n fún wa, a ó máa jẹ ẹ́ lọ, a ó sì máa bèèrè ìyókù. Ó ń bèèrè rẹ̀ títí ó fi kúrò níbẹ̀, lẹ́yìn náà ó ń ti abúlé dé abúlé, ó ń kọ́ àwọn opó bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà sí kóòtù. Èmi ló ń gbé àpò ìwé lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀rọ yí padà mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀rọ tó ń da ìwé kọ dé, èèyàn á tẹ bọ́tìnnì, á sì ká ọwọ́ gbera. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà. Ọmọbìnrin tó ń tẹ̀ ẹ́ kì í ṣe aláfojúdi, ó ń pè mí ní Bàbá Sítẹ́ńsù, ó ní kí n wá kọ́ ọ. Mo kọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tó lé mi ni pé ẹ̀rọ náà kò ní ìdàrọ́. Tí o bá ṣi ọ̀rọ̀, o ó pa á rẹ́, kò ní sí lábẹ́ tábìlì kankan. Mo bi ọmọ náà pé ibo ni wọ́n ń kó àṣìṣe rẹ̀ sí, ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Mo gbé ẹ̀rọ tèmi padà sí Òǹdó, ó wà nínú yàrá mi, adìyẹ kan ń yé ẹyin sí i.

Mọ̀dáámù kú ní àìpẹ́ yìí, ó dàgbà, ó sùn bí ẹni tó parí ìwé kíkà. Ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ìta. Ọ̀gá ilé-ìwé kan láti Ìpógun, olùkọ́ ìṣirò tí ìlú ń bọ̀wọ̀ fún, bọ́ síwájú láti sọ̀rọ̀. Ìbídùn ni. Ìlú tí wọn ì bá gbé e fún ọkọ ló ti ń ṣe ọ̀gá ilé-ìwé. Ó ní òun fẹ́ sọ irú èèyàn tí Mọ̀dáámù kọ́ ní ilé-ìwé rẹ̀, ó sì sọ bí ọkùnrin kan tó ń yí ọwọ́ ẹ̀rọ ṣe dìde láàárín gbogbo olùkọ́, tó ní kí wọ́n lé òun kí wọ́n mú ọmọ náà wá. Gbogbo ìjọ dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo tẹrí ba. Olùkọ́ àtijọ́ kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù nínú àwọn tó wà níbi ìpàdé yẹn jókòó níwájú mi. Kò pàtẹ́wọ́. Ó ń wá nǹkan nínú báàgì rẹ̀.

Ìtàn tí Ìbídùn ní kí n kọ fún ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti lọ ju ogún lọ. Ọ̀rọ̀ gílóòbù, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Àwọn alátakò tó jẹ ẹ̀pà yó, àwọn náà kò pọ̀ tó bí mo ṣe wí. Ṣùgbọ́n n kò wọ ibi ìpàdé kankan. N kò dúró láàárín olùkọ́ kankan. Ojú fèrèsé yàrá ẹ̀rọ ni mo wà nígbà tí bàbá Ìbídùn gbé àpótí rẹ̀ kọjá, mo sì padà sídìí iṣẹ́ mi. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi panu mọ́. Lọ́jọ́ kejìlá, Ìyá Ràfátù ti Iléyá dé. Mọ̀dáámù lọ ra ẹ̀pà lọ́wọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó da ẹ̀pà náà sílẹ̀, ó gbé ìwé tí wọ́n fi wé e wá síwájú mi, ìdánwò ìṣirò yẹn ni. Ó ní, “Kà á.” Mo kà á. N kò fo ọ̀rọ̀ kan. Lẹ́yìn náà ni mo tó sọ pé èmi ni, ó sì ní òun mọ̀.

Níwájú ilé bàbá rẹ ní Ìjàrè ni mo ti hun irọ́ náà, Ìbídùn, lójú ẹsẹ̀, nígbà tí mo rí i pé yóò kọ̀. Nígbà tí a dé Òǹdó, Mọ̀dáámù pè mí sẹ́yìn, ó ní irọ́ náà ló gbà ọ́ padà, òun kò sì ní bá mi tú u. Ó ní ìwọ lo ni òtítọ́ rẹ̀, kí n kà á fún ọ lọ́jọ́ tí mo bá lè kà á láìfo ọ̀rọ̀. Kò sọ ọ́ mọ́ títí ó fi kú.

Mo ti kà á báyìí. Iṣu tí o ń gbé wá fún mi lọ́dọọdún, ọkùnrin tí kò sí rí lo ń gbé e fún, èmi ni mo sì ń jẹ ẹ́. Tí o kò bá gbé e wá mọ́, mo gbà. Ṣùgbọ́n tí o bá gbé ẹyọ kan wá lọ́dún tó ń bọ̀, ì báà ṣe kékeré, n ó mọ̀ pé èmi gan-an lo gbé e fún.